Iṣẹ́ Aṣòfin Ìpínlẹ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Shirley Chisholm ti New York

Nígbà tí àkókò ìdìbò bá dé, oríṣiríṣi ènìyàn ni í máa wá sọ́dọ̀ wa láti tọrọ ìbò. Ọ̀kan a ṣe ìlérí ọ̀nà ọ̀dà, èkejì a ṣe ìlérí omi ẹ̀rọ, ẹ̀kẹta a ní òun yóò kọ́ ilé ìwòsàn. Ìlérí wọ̀nyí dùn létí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe iṣẹ́ aṣòfin. Àwọn tí ń ṣàkóso ìjọba ni wọ́n ń la ọ̀nà tí wọ́n sì ń kọ́ ilé. Iṣẹ́ aṣòfin ni láti ṣe òfin, láti fọwọ́ sí owó tí ìjọba yóò ná, àti láti máa ṣọ́ bí a ti ń ná an. Nítorí náà ó yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: kí ni a fi ń mọ aṣòfin rere? Kí ni ẹni tí a rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ lè ṣe fún wa níbẹ̀ tí àwa tí a wà nílé kò lè ṣe fún ara wa?

Lọ́sẹ̀ yìí a mú àpẹẹrẹ kan wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtàn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ni, Shirley Chisholm, ẹni tí ó ṣe aṣòfin ní ìpínlẹ̀ New York láti ọdún 1965 títí di 1968. Àwọn tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ti gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tí ó lò nílé aṣòfin ti ìpínlẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò jù lọ, nítorí níbẹ̀ ni a ti lè rí iṣẹ́ aṣòfin kedere, ní ìwọ̀n tí ó sún mọ́ tiwa.

BÍ ILÉ AṢÒFIN NEW YORK TI RÍ

Ìpínlẹ̀ 50 ni ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ti ní gómìnà àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́dọ̀ wọn. Ìyàtọ̀ kan ni pé ilé kan ṣoṣo ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tiwa ń jókòó sí, ṣùgbọ́n ilé méjì ni ti New York. Sẹ́nétì ni ọ̀kan, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú ni èkejì. Ìlú Albany ni ilé méjèèjì wà, nítorí Albany ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe ìlú ńlá New York tí gbogbo ayé mọ̀. Kí àbá kan tó di òfin, ilé méjèèjì ní láti fara mọ́ ọn, lẹ́yìn èyí ni a ó gbé e fún gómìnà láti buwọ́ lù. Ọdún méjì méjì ni a sì ń yan àwọn aṣòfin náà.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ níbẹ̀ kò kéré. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ ogun àti àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ìgbéyàwó, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, àti ọ̀pọ̀ nínú ìlànà tí a fi ń mọ ẹni tí ó lè dìbò, ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe òfin wọn. Ẹni tí ó bá jókòó sí Albany wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní láti gbà kọjá.

IBI TÍ OBÌNRIN NÁÀ TI WÁ

A bí Shirley ní Brooklyn, tí í ṣe apá kan nínú ìlú New York, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1924. Àjèjì tí ó wá ṣiṣẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀. Guiana tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tí a ń pè ní Guyana nísinsin yìí, ni baba rẹ̀ ti wá. Erékùṣù Barbados ni ìyá rẹ̀ ti wá. Baba ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe àpò. Ìyá ń ránṣọ, ó sì ń lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé àwọn olówó. Nítorí pé owó tí ń wọlé kò tó láti tọ́ ọmọ, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá-ìyá wọn ní Barbados. Ibẹ̀ ni Shirley ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Ní ọdún 1934 ni ó padà sí Brooklyn.

Ó kàwé gboyè ní Brooklyn College ní ọdún 1946, ó sì tún gba oyè kejì ní Yunifásítì Columbia nínú ẹ̀kọ́ títọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ tí ó yàn nìyẹn. Ó ṣe olùkọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó ṣe ọ̀gá ilé ìtọ́jú ọmọ láti 1953 dé 1959, lẹ́yìn náà ó ṣe olùdámọ̀ràn fún ẹ̀ka ìjọba ìlú tí ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń rí àwọn ìyá tí wọ́n ń gbé ọmọ wọn wá ní òwúrọ̀ kùtù kí wọ́n tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó mọ iye tí wọ́n ń gbà, ó sì mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní gbogbo àkókò yìí ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ní àdúgbò rẹ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń kó owó jọ fún ẹgbẹ́, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ìjókòó. Ọ̀ràn yìí kò tẹ́ Chisholm lọ́rùn. Nígbà tí ẹni tí ó wà ní ipò aṣojú àdúgbò náà di adájọ́ ní ọdún 1964, ó ní òun yóò díje. Àwọn kan sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, ó sì wọlé. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú kejì tí ó wọ ilé náà. Bessie Buchanan ni ó ti ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1955. Kò tilẹ̀ tíì jókòó dáadáa tí a fi tún pín àgbègbè ìdìbò, tí ó sì di dandan fún un láti tún díje ní ọdún 1965 àti ní 1966. Ìdìbò mẹ́ta ní ọdún mẹ́ta, ó sì borí nínú gbogbo wọn.

OHUN TÍ Ó ṢE NÍ ALBANY

Nínú ọdún mẹ́rin náà, àbá òfin 50 ni Chisholm gbé síwájú ilé. 8 péré ni ó di òfin. Kí a tó sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú díẹ̀ nínú wọn.

Èkínní ni ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé. Ní ọdún 1935 ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin ńlá kan tí ó dá owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún arúgbó àti fún ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ti aláìníṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: agbanisíṣẹ́ yóò máa san owó díẹ̀ sínú àpò kan lórí owó iṣẹ́ tí ó ń san. Bí iṣẹ́ bá wá bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ láìṣe ẹ̀bi rẹ̀, yóò máa gba owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti inú àpò náà fún ìwọ̀n ìgbà kan, kí ebi má baà pa á bí ó ti ń wá iṣẹ́ mìíràn. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ oríṣi òṣìṣẹ́ méjì sílẹ̀: àwọn tí ń ṣe alágbàṣe lóko olóko, àti àwọn tí ń gbálẹ̀, tí ń fọṣọ, tí ń se oúnjẹ nínú ilé onílé. Iṣẹ́ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ń ṣe nígbà náà, iṣẹ́ inú ilé sì ni ti ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin wọn.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Kí a sọ pé obìnrin kan ti ń fọṣọ fún ìdílé kan láti ọdún mẹ́wàá, tí ìyálé ilé náà sì sọ fún un ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan pé kí ó má wá mọ́. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ìránṣọ ni ó ti ń ṣiṣẹ́, owó ìrànwọ́ wà fún un. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú ilé ni, bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́ rí ni lójú òfin. Àwọn tí wọ́n fara mọ́ ọn pé kí a yọ wọ́n sílẹ̀ ní àwíjàre tiwọn: wọ́n ní ilé ènìyàn kì í ṣe ilé iṣẹ́, onílé kò ní akọ̀wé owó, yóò sì ṣòro fún ìjọba láti mọ iye tí wọ́n ń san. Chisholm kò gbà pé ìṣòro ìwé kíkọ tó ìdí láti fi ebi pa òṣìṣẹ́. Àbá rẹ̀ di òfin, ó sì mú àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé wọ ètò owó ìrànwọ́ náà ní New York. Àwọn àgbà ní ohun tí ó bá dun ni ni í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ọmọ obìnrin tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó dìde sọ ọ́ nínú ilé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Yunifásítì ti Ìlú New York kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú nígbà náà. Ọdún 1976 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Ẹni tí kò mọ inú ọ̀rọ̀ lè rò pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá lọ sí ilé-ìwé tí kò dára ní àdúgbò tálákà kì í ní máàkì tí yóò fi wọlé, bí ó tilẹ̀ ní ọpọlọ. Ní ọdún 1966 ni a ṣe òfin tí ó dá ètò tí a ń pè ní SEEK sílẹ̀. Ètò náà gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wọlé, ó fún wọn ní àfikún ẹ̀kọ́ láti dí àlàfo tí ilé-ìwé àdúgbò wọn fi sílẹ̀, ó fún wọn ní olùdámọ̀ràn, ó sì fún wọn ní owó díẹ̀ fún ìwé àti oúnjẹ. Chisholm wà lára àwọn tí ó gbé e dìde, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Aṣòfin Percy Sutton wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi sọ ètò náà lẹ́yìn náà. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Aṣòfin tí kò bá lè bá ẹlòmíràn pawọ́ pọ̀ kò lè sọ àbá di òfin. Ètò SEEK ṣì wà ní yunifásítì náà títí di òní.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn olùkọ́ obìnrin. Olùkọ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún iye ọdún tí òfin là sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ pé a kò lè lé e láìnídìí. Ṣùgbọ́n bí obìnrin bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí oyún, ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ yìí. Nígbà tí ó bá padà dé, ó di ẹni tuntun. Òfin tí Chisholm gbé kalẹ̀ fi òpin sí èyí.

Ìpinnu rẹ̀ kan tún wà tí ó kan èdè. Láti ọdún 1922, òfin New York ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ di olùdìbò tuntun gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lè ka Gẹ̀ẹ́sì kí òun sì kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti erékùṣù Puerto Rico ni ó ń gbé New York. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n láti ọdún 1917, ṣùgbọ́n èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi kàwé. Àwọn alátìlẹ́yìn òfin náà ní Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìjọba, nítorí náà ẹni tí kò gbọ́ ọ kò lè mọ ohun tí ó ń dìbò fún. Chisholm, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ Sípáníìṣì, tako èyí nílé aṣòfin. Ó ní ẹni tí ó mọ̀wé ní èdè abínibí rẹ̀ kì í ṣe púrúǹtù. Níkẹyìn, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1965 ni ó ṣe é: ẹni tí ó bá ti parí ìwé kẹfà ní ilé-ìwé Puerto Rico, a kò gbọdọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì dí i lọ́wọ́ ìbò. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fọwọ́ sí i ní ọdún 1966.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí ẹni tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ní Yorùbá tàbí tí ń gbọ́ ọ bí a ti ń kà á fún un.

OHUN TÍ Ó TẸ̀LÉ E

Ní ọdún 1968 Chisholm díje fún Ilé Aṣojú-ṣòfin ti gbogbo orílẹ̀-èdè. James Farmer, ọkùnrin olókìkí nínú ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ni ó bá a díje. Ọ̀rọ̀ tí Chisholm fi ń polongo ni pé ẹnikẹ́ni kò fi owó ra òun, kò sì sí ọ̀gá tí ń darí òun. Ó borí. Nígbà tí ó dé Washington ní 1969, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ìlú ńlá ni gbogbo àwọn tí ó rán an níṣẹ́ ń gbé. Àwọn aṣòfin tuntun kì í sábà jiyàn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó jiyàn, wọ́n sì yí ipò rẹ̀ padà. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ó wọ ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí ó mọ̀.

Àwọn ohun tí ó lépa ní Albany náà ni ó ń lépa níbẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó jà fún òfin ilé ìtọ́jú ọmọ fún àwọn ìyá tí ń ṣiṣẹ́. Ilé aṣòfin méjèèjì fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1971, ṣùgbọ́n Ààrẹ Nixon kọ̀ láti buwọ́ lù ú, ó sì kú síbẹ̀. Ní ọdún 1972 ó díje láti jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ Democrat yóò fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá kan níbẹ̀. Kò rí i gbà. Ìbò àwọn aṣojú 152 ni ó rí.

Ní àkókò ìdíje yẹn ni ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ tí ó bí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ nínú. George Wallace, Gómìnà Alabama, ẹni tí ó ti lòdì gidigidi sí pé kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ lọ sí ilé-ìwé kan náà, ń díje pẹ̀lú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1972 ẹnì kan yìnbọn fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Chisholm lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ bá a wí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ní ọdún 1974, nígbà tí Chisholm ń wá ìbò fún òfin tí yóò mú àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé wọ abẹ́ òfin owó iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ, Wallace ràn án lọ́wọ́ láti rí ìbò láàrin àwọn aṣòfin apá gúúsù. Òfin náà kọjá. Láti 1938 ni òfin owó iṣẹ́ náà ti wà. Ọdún 36 ni ó gbà kí obìnrin tí ń gbálẹ̀ nínú ilé onílé tó wọ inú rẹ̀.

Chisholm fi ilé aṣòfin sílẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983. Ó kú ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2005. Ní ọdún 2015 Ààrẹ Obama fi àmì ẹ̀yẹ tí ó ga jù lọ fún ará ìlú dá a lọ́lá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ A RÍ KỌ́

Bí a bá to iṣẹ́ obìnrin yìí jọ, a ó rí i pé ohun kan náà ni ó ń ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Òfin rere ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé: òfin owó ìrànwọ́ wà, yunifásítì ọ̀fẹ́ wà, ẹ̀tọ́ olùkọ́ wà, ẹ̀tọ́ ìbò wà. Iṣẹ́ tí ó yàn ni láti béèrè pé: ta ni òfin yìí yọ sílẹ̀? Lẹ́yìn náà ó wá ọ̀nà láti mú ẹni náà wọlé. Ẹni tí a yọ sílẹ̀ kì í sábà ní ohùn níbi tí a ti ń ṣe òfin. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí a fi ń rán aṣojú.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé sùúrù wà nínú iṣẹ́ náà. Àbá 42 nínú 50 kò di òfin. Kò yẹ kí olùdìbò ka èyí sí ìtìjú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó lè mọ ohun tí aṣojú rẹ̀ gbé kalẹ̀, ohun tí ó kọjá àti ohun tí ó kùnà, àti ìdí rẹ̀. Aṣòfin tí kò gbé nǹkan kan kalẹ̀ rí kò lè kùnà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.

Ẹ̀kọ́ kẹta wà fún àwa tí ń dìbò. Aṣòfin kò lè mọ ẹni tí òfin yọ sílẹ̀ bí ẹni náà kò bá sọ. Bí alágbàṣe, aláàárù, ọmọ-ọ̀dọ̀ tàbí ìyá tí ń ta ọjà lórí àtẹ bá dákẹ́, ohun tí aṣojú wọn yóò gbé lọ sí ilé ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kò dákẹ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ YÀRÁ ÌKÀWÉ

1. Nínú àwọn ìlérí tí a gbọ́ ní ìdìbò tí ó kọjá, èwo ni iṣẹ́ aṣòfin, èwo ni iṣẹ́ gómìnà, èwo sì ni iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀?

2. Àwọn kan ní ilé ènìyàn kì í ṣe ilé iṣẹ́, nítorí náà kò yẹ kí òfin òṣìṣẹ́ wọ ibẹ̀. Kí ni ẹ rí sí i? Ẹ sọ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

3. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí Chisholm bẹ Wallace wò? Kí ni ìbá ti ṣẹlẹ̀ sí òfin ọdún 1974 bí kò bá lọ?

4. Ta ni aṣojú àgbègbè yín nílé aṣòfin ìpínlẹ̀? Àbá òfin wo ni ó ti gbé kalẹ̀?

5. Ẹ dárúkọ irú òṣìṣẹ́ kan ní abúlé yín tí òfin tí ó wà nílẹ̀ yọ sílẹ̀. Kí ni ẹ ó sọ fún aṣojú yín nípa rẹ̀?